Àlejò Ni Baba Ńlá: Ìkéde Àwa Tí A Fẹ́ Ara Wa Kọjá Ààlà Ìran

Àwa ọmọ Sòmálíà tí ogun fọ́n ká orí ilẹ̀, àwa tí a fẹ́ wọn, àti àwọn ọmọ tí a bí, ni a jọ kọ ìkéde yìí. A wà ní Lọ́ńdọ̀nù, a wà ní Cardiff, a wà ní Minneapolis àti Toronto, a sì wà ní Eastleigh ní ìlú Nairobi. Àwọn ọmọ Yorùbá wà láàrin wa, tọkọ taya. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ ní èdè yìí pẹ̀lú, kí ìyá tí ó wà ní Peckham tàbí ní Ìlọrin, tí ọmọ rẹ̀ sọ pé ọmọ Sòmálíà ni òun fẹ́ fẹ́, lè mọ ibi tí a dúró sí. Ohun kan ṣoṣo ni a wá sọ, inú rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti jáde: irú ìgbéyàwó tí àwọn àgbà wa sọ di èèwọ̀ lónìí ni ó bí àwọn ìdílé tí wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò.

A gbàgbọ́ pé ìwà, ìgbàgbọ́ àti òótọ́ inú ni a fi ń mọ ẹni tí ó yẹ ní fífẹ́. Irun orí kò lè sọ ọ́, àwọ̀ ara kò lè sọ ọ́, iye baba ńlá tí ènìyàn lè kà sẹ́yìn kò sì lè sọ ọ́.

A gbàgbọ́ pé ọmọbìnrin tí ó ti tójú bọ́, tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀, lè dúró níwájú baba rẹ̀ kí ó dárúkọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn láìgbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí arákùnrin rẹ̀ ti ń ṣe.

A gbàgbọ́ pé òbí ní ẹ̀tọ́ láti wádìí, láti béèrè, àní láti bẹ̀rù pàápàá. A kò wá gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó parí sórí orúkọ ìran, tí kò dé ọ̀dọ̀ ènìyàn náà rárá, a kò kà á sí ìwádìí.

A gbàgbọ́ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Sòmálì, tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tàbí ará Wales tàbí ará Jamáíkà, odindi Sòmálì ni, odindi ọmọ baba rẹ̀ sì ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e sí méjì.

A gbàgbọ́ pé ìtàn wà lẹ́yìn wa. Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà fúnra wọn ti ń pa á. Ọmọ Sòmálì tí a kọ́ dáadáa lè ka orúkọ baba rẹ̀, ti baba baba rẹ̀, títí yóò fi dé orí ẹni tí ó tẹ ìdílé dó. Abtirsiinyo ni wọ́n ń pe kíkà yìí, Yorùbá tí ó bá sì mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ yóò mọ iyì rẹ̀. Ta ni wọ́n ń bá ní ìparí? Àwọn ọmọ Isaaq, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ńlá Sòmálì, ní Sheikh Ishaaq ni, ọkùnrin tí ó ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá, tí ó tẹ̀dó sí Maydh létí òkun, níbi tí ibojì rẹ̀ wà títí di òní. Nínú àwọn aya tí ó fẹ́ níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Dir, àwọn onílẹ̀. Èkejì wá láti Ethiópíà. Orúkọ àwọn ìyá wọ̀nyí ni ẹ̀ka ìdílé náà fi ń dá ara wọn mọ̀: Habar Magaadle àti Habar Habuusheed. Àwọn ọmọ Darod náà ní òkè òkun ni baba àwọn ti wá, pé ẹ̀bá kànga ni ó ti pàdé Dobira, ọmọ àgbà kan nínú Dir, tí wọ́n sì fi í fún un. Kí àwọn òpìtàn máa jiyàn lórí ọdún tí wọ́n dé àti ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ìtàn tí àwọn àgbà wa fi ń yangàn ni, a sì gbà á lẹ́nu wọn bí wọ́n ti pa á: àlejò tí kò ní ará, tí ilé baba rẹ̀ jìnnà réré, ni wọ́n fa ọmọbìnrin onílé lé lọ́wọ́.

Ká ní ọkùnrin yẹn ni ó kan ilẹ̀kùn kan ní Birmingham tàbí ní Minneapolis lónìí, qabiil rẹ̀, ìyẹn ìdílé ńlá tí ó ti wá, ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Kò ní rí èsì tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn fọ̀. Wọn yóò bu tíì fún un mu, wọn yóò bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, nígbà tí ó bá sì jáde tán wọn yóò sọ fún ọmọbìnrin náà pé kò gbọdọ̀ tún mú un wọlé. Bí àwọn àgbà Dir bá ti ṣe báyìí, kì bá tí sí Isaaq, kì bá tí sí Darod.

Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀rí wa. I. M. Lewis, onímọ̀ nípa àṣà ìran ènìyàn tí ó gbé láàrin àwọn darandaran apá àríwá, kọ ọ́ sínú ìwé A Pastoral Democracy ní 1961 pé àwọn tí wọ́n jọ ń san owó ẹ̀jẹ̀ kì í sábà fẹ́ ara wọn. Òde ni wọ́n ti ń wá aya. Àna tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ni ẹni tí wọ́n lè sá tọ̀ lọ́dún ọ̀dá, òun náà sì ni alárinà nígbà ìjà. Ní etíkun gúúsù, ní Mogadishu, Merca àti Barawa, Lárúbáwá, ará Páṣíà àti Sòmálì ti ń fẹ́ ara wọn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, débi pé Chimwiini, ẹ̀yà èdè Swahili, ni àwọn onílé Barawa ń sọ. Ìran tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn ti dà pọ̀ kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìtàn ẹ̀yìn odi náà ń bá wa wí. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà omi Suez ní 1869, àwọn atukọ̀ Sòmálì bẹ̀rẹ̀ sí í dé Cardiff. Wọ́n ń gbé ní Butetown, àdúgbò èbúté tí ayé mọ̀ sí Tiger Bay, àwọn kan nínú wọn sì fẹ́ obìnrin ará Wales. Ní oṣù kẹfà 1919, àwọn aláwọ̀ funfun ya bo àdúgbò náà, wọ́n ń lu ènìyàn, wọ́n ń ba ilé jẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó ń bí wọn nínú ni pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ń fẹ́ obìnrin wọn. Ó yẹ kí ẹni tí a ti ṣe èyí sí mọ bí ó ti ń rí.

Ní 1947, Mahmood Hussein Mattan, atukọ̀ láti Hargeisa, fẹ́ Laura Williams, ọmọ Wales. Ní 1952 wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Agbẹjọ́rò tí ó yẹ kí ó gbà á sílẹ̀ pè é ní ẹhànnà níwájú ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n yẹgi fún un ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Cardiff. Laura, tí wọ́n ti ń bú lójú pópó nítorí ọkọ rẹ̀, di opó pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́ta. Kò ju orúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò sinmi títí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fi fagi lé ìdájọ́ náà ní oṣù kejì 1998, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ọdún 45. A fẹ́ kí gbogbo ìdílé Sòmálì tí ó ń sọ pé àjèjì kì í dúró tini lọ́jọ́ ìṣòro rántí Laura Mattan. Obìnrin tí wọ́n bí ní Wales ni ó di orúkọ ọmọ Hargeisa mú títí ó fi mọ́.

Ohun tí a gbàgbọ́ nìyẹn. Ohun tí ó ń dùn wá rèé.

Wọ́n ní qabiil ni odi ààbò wa. Odi náà ti wó lé wa lórí. Ní 1988, ìjọba Siad Barre, ààrẹ Sòmálíà, rọ̀jò bọ́ǹbù lé Hargeisa, ìlú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, nítorí ìdílé tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba náà ṣubú ní oṣù kìíní 1991, àwọn olórí ogun pín Mogadishu mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ìdílé ní ìdílé, wọ́n sì sọ ọ́ di àlàpà. Ní 2000, ní ìpàdé àlàáfíà Arta ní Djibouti, wọ́n fi ìlànà tí wọ́n ń pè ní 4.5 pín ipò ìjọba: ìdílé ńlá mẹ́rin gba ìpín kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn yòókù lápapọ̀ gba ààbọ̀. Ètò tí ó sọ ọmọ ìlú di ààbọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí á gbé dé Stockholm àti Toronto, kí á máa fi yan ọkọ.

Ààbọ̀ yẹn ní ojú, ó ní orúkọ. Àwọn Sòmálì Bantu wà nínú rẹ̀, ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Mòsáńbíìkì, Tàǹsáníà àti Màláwì ní ọ̀rúndún 19. Àwọn Gabooye wà nínú rẹ̀, ọdẹ, alágbẹ̀dẹ àti oníṣẹ́ awọ, tí àwọn ìdílé ńlá kì í fọmọ fún. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ní Mogadishu, wọ́n dáná sun ọkùnrin Bantu kan nítorí pé ọmọ ìdílé rẹ̀ fẹ́ ọmọbìnrin ìdílé ńlá. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó àti ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni a ń sọ, kí ó ro èyí wò. Inú ilé wa gan-an ni ìkọ̀sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 12,000 Bantu ni Amẹ́ríkà gbà wọlé ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 2003. Wọ́n dé ilẹ̀ tuntun, wọ́n sì tún bá ìwọ̀sí àtijọ́ pàdé lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ sá fún ogun kan náà.

Inú ìwọ̀sí yẹn ni adoon ti jáde, ìyẹn ẹrú, tí àwọn kan nínú wa fi ń pe ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Jamáíkà àti ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis ní oṣù karùn-ún 2020, àwọn ọ̀dọ́ Sòmálì wà lójú títì pẹ̀lú gbogbo ọmọ dúdú yòókù. Ẹni tí a jọ yan lójú títì kò gbọdọ̀ di ẹrú lẹ́nu wa lọ́jọ́ tí ó bá wá tọrọ ọmọ.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àwọn ọmọbìnrin. Ọmọkùnrin mú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ọmọ Sweden wálé: àwọn àǹtí kùn díẹ̀, ìyá sunkún alẹ́ kan, lẹ́yìn náà wọ́n se ìrẹsì ìgbéyàwó, wọ́n ní ọmọ baba wọn náà ni àwọn ọmọ yóò jẹ́. Ọmọbìnrin mú Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí láti ilé baba rẹ̀ wá, tàbí ọmọ Bangladesh tí ó ń kírun márùn-ún, tàbí ọmọ Jamáíkà tí ó ti gba ẹ̀sìn láti ọdún pípẹ́: wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ àwọn kan. Wọ́n fi àwọn mìíràn ránṣẹ́ sí ilé, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ kọ́ àṣà, dhaqan celis, títí wọn yóò fi gbàgbé ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Àwọn kan nínú wa so yìgì ní mọ́ṣáláṣí láìsí ará ilé ẹyọ kan níbẹ̀. A mọ ìyàwó tí ó ń pe ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọdún Iléyá, tí kò sì sí ẹni tí ó ń gbé ìpè náà.

Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà kan náà mọ bí a ti ń yọ̀. Iman, afẹwàṣiṣẹ́ tí wọ́n bí ní Mogadishu, fẹ́ David Bowie, olórin Gẹ̀ẹ́sì, ní 1992, orúkọ rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu wa nígbà tí a bá ń ka àwọn ọmọ tí ó gbé wa ga. Mo Farah, eléré sísá, fẹ́ Tania, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2010. Nígbà tí ó gba góòlù méjì nínú ìdíje Olympics ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, ilé Sòmálì hó fún ayọ̀ káàkiri ayé. Inú wa dùn pẹ̀lú wọn. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ayọ̀ yẹn kan nọ́ọ̀sì tí ó wà ní Leicester àti awakọ̀ tí ó wà ní Columbus pẹ̀lú, tí wọn kò gba góòlù kankan.

A mọ ibi tí ẹ̀rù àwọn òbí wa ti ń wá, a kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Wọ́n sá kúrò ní Sòmálíà láìkó ẹrù. Wọ́n fi ọdún púpọ̀ gbé ní Dadaab ní Kẹ́ńyà, nínú àgọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, tí àwọn kan bímọ sí, tí àwọn kan kú sí. Wọ́n dé ilẹ̀ tí òtútù pọ̀, tí wọ́n ti ń wò wọ́n bí ọ̀daràn nítorí ìbòrí. Ní oṣù kìíní 2017, Amẹ́ríkà ka Sòmálíà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn kò gbọdọ̀ wọlé. Ọmọ ni ó kù fún wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ-ọmọ yóò jókòó tì wọ́n, kò sì ní gbọ́ èdè wọn. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, a sì ti rí ilé tí ó ti ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo irú ilé tí ó ti ń ṣẹ jù. Ilé ọmọbìnrin tí a lé ni. Ọmọ tí ìyá àgbà kò bá sọ̀rọ̀, níbo ni yóò ti gbọ́ Sòmálì? Lọ́wọ́ ta ni yóò ti kọ́ ìtàn Araweelo, ọbabìnrin inú ìtàn àtẹnudẹ́nu wa, àti orúkọ baba ńlá? Ìkọ̀sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń pa èdè tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kọ ọmọ sílẹ̀.

A kò pe ẹnikẹ́ni jáde nínú ẹ̀sìn. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, a sì mọ òfin ìgbéyàwó tí a jogún àti ààlà rẹ̀. Ìgbéyàwó kọjá ààlà ìran kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn yìí: Usama ọmọ Zayd, ẹni tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi ṣe olórí ogun nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, Lárúbáwá ni baba rẹ̀, ọmọ Hábáṣà sì ni ìyá rẹ̀, Umm Ayman. Ní ọ̀nà Ṣáfíì tí àwọn Sòmálì ń tọ̀, a kì í so yìgì láìsí wàlí, ìyẹn baba tàbí ọkùnrin ìdílé tí yóò fa ọmọ fún ọkọ. Ọ̀nà kan náà sọ pé bí wàlí bá kọ ẹni tí ó yẹ láìsí ìdí tí ó tọ́, adájọ́ lè dúró nípò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ka ìran mọ́ ohun tí a fi ń mọ ẹni tí ó yẹ. Ọ̀nà Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, gbé ẹ̀sìn àti ìwà síwájú ìran. Ẹ̀yìn àwọn tí ó gbé ìwà síwájú ni a wà.

Ẹ̀yin òbí Yorùbá, ẹ má rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni a ń bá wí. Aya Sòmálì kan lè má mọ bí a ti ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, kò sì ní mọ iyán gún lọ́jọ́ kìíní. Nílé tirẹ̀, kò jẹ́ pe àgbàlagbà obìnrin lórúkọ, eeddo, ìyẹn àǹtí, ni ó ń pè é. Ẹni tí ó ti kọ́ ìtẹríba ní ọ̀nà kan lè kọ́ ọ ní ọ̀nà kejì, bí ẹ bá fún un láyè.

Nítorí náà, ohun tí a ó ṣe nìyí. Ní ilé wa, a kò ní sọ adoon mọ́, a kò sì ní dákẹ́ bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́, àgbà ni o, ọmọdé ni o. Bí ẹnìkan bá wá tọrọ ọmọ, a ó béèrè ìwà rẹ̀, ìjọsìn rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, gbèsè rẹ̀, ìlera rẹ̀ àti bí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Qabiil kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́, òun kọ́ sì ni yóò parí ọ̀rọ̀. Àṣà tí a fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn fún ọmọkùnrin kò ní di irin lọ́rùn ọmọbìnrin. Ilé ni a ó ti bẹ̀rẹ̀: a ó fọmọ fún Bantu àti Gabooye, a ó fẹ́ ọmọ wọn, a ó sì jókòó ní iwájú, kì í ṣe ní ẹ̀yìn, lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà.

A ó kó àwọn àgbà jọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti inú gbogbo ìran tí ó wà láàrin wa, tí wọn yóò máa bá tọkọtaya lọ kan ilẹ̀kùn àwọn òbí. Wọn yóò lọ lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. A kò ní bú baba ẹnikẹ́ni, a kò sì ní kọ́ ọmọ láti kọ ìyá rẹ̀. A ó wá àwọn lemọ́mù tí yóò fi sùúrù gbọ́ ẹjọ́ ọmọbìnrin tí wàlí rẹ̀ kọ̀, kí ó má baà di pé òun nìkan ni ó ń sá káàkiri. A ó ṣí hagbad, èsúsú àwọn ìyá wa, fún aya láti ìran gbogbo, owó tí a ń dá fún aláìsàn àti òkú kò sì ní máa béèrè ìdílé mọ́. A ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Láti 1972 ni ìjọba Sòmálíà ti fọwọ́ sí álífábẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kọ èdè náà. Ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá yóò kọ́ ọ kà, yóò sì kọ́ Yorùbá pẹ̀lú.

Ẹ dara pọ̀ mọ́ wa. Ìwọ ọmọbìnrin tí o fi orúkọ mìíràn pa ẹni tí o fẹ́ mọ́ sínú fóònù, ìwọ nìkan kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, wá sọ́dọ̀ wa. Ìwọ arákùnrin tí a gbà fún, tí a kò sì gbà fún àbúrò rẹ obìnrin, dìde sọ̀rọ̀ fún un nínú ilé, torí pé tìrẹ ni wọn yóò gbọ́. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ ka ohun tí ẹ mọ̀ sókè lórí mínbárì. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti gba àna láti ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí yòókù rí yín, kí ẹ sọ fún wọn bí ilé yín ti rí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kò tíì gbé ìpè ọmọ yín láti ọjọ́ tí ó ti lọ, a kò ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé kankan, a kò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ pè é lónìí. Ẹ béèrè orúkọ ọmọ tí ó bí, kí ẹ sì ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ máa bọ̀ nílé.